Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Ẹ̀yìn ní Àgọ́ Ìgbaradì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Máa Wò

Nínú gbogbo ipò tí ó wà nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, ipò agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí dìfẹ́ńdà, ni ó ṣòro jù lọ láti fi ojú díwọ̀n, pàápàá nígbà tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ewu má ṣẹlẹ̀, ewu tí kò sì ṣẹlẹ̀ kì í hàn sí òǹwòran. Síbẹ̀, òun gan-an ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń tètè dá lẹ́jọ́ jù. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá kó àwọn ọmọ wọn wọ àgọ́ ìgbaradì, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ń pè ní kánpù, ìròyìn máa ń jáde nípa ọ̀dọ́ kan tí ó ga, tí ó lágbára, tí atamátàsé kankan kò rí kọjá, kì í sì í pẹ́ tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fi ń dé Àrán-Ọ̀rin, Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń fi ọ̀rọ̀ Kwara United ti Ìlọrin àti ti Super Eagles ṣe àríyànjiyàn. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé òǹwòran lè mọ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí yóò dára, bí ó bá mọ ohun tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ máa wá, ṣùgbọ́n ohun tí àgọ́ lè fi hàn ní ààlà, ẹni tí ó bá sì parí ìdájọ́ rẹ̀ síbẹ̀ yóò ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn mú.

Ohun tí àgọ́ ìgbaradì wà fún

Àgọ́ ìgbaradì ni ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Èkíní ni láti dá agbára padà sí ara àwọn agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìsinmi, ìdí nìyí tí eré sísá fi máa ń pọ̀ ju bọ́ọ̀lù gbígbá lọ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Èkejì ni láti kọ́ wọn ní ètò tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ lò, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí yóò dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti nígbà tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ẹ̀kẹta ni láti yan ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò máa lọ, nítorí pé lára àwọn tí ó wà ní àgọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tí wọ́n gbé bàtà bọ́ọ̀lù wọn wá fún ìdánwò ìyanni tí wọ́n ń pè ní skríníìnì.

Ní Nàìjíríà, líìgì àgbà tí ń jẹ́ NPFL ní ẹgbẹ́ 20, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ní sáà kan. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án ni sáà náà máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé inú òjò ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń gbaradì. Òjò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí ó fẹ́ díwọ̀n agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn. Lórí pápá tí omi ti rin, bọ́ọ̀lù máa ń dúró lójijì, atamátàsé kì í sì í lè yí padà kíákíá, nítorí náà dìfẹ́ńdà tí ó bá kàn sáré wá tí ó sì fi ara yọ́ lórí ẹrẹ̀ yóò rí bọ́ọ̀lù gbà léraléra, àwọn òǹwòran yóò sì máa pariwo orúkọ rẹ̀, láìrántí pé omi ni ó bá a dá bọ́ọ̀lù dúró. Ọmọ kan náà lè dé orí pápá gbígbẹ ní oṣù Kejìlá kí gbogbo ènìyàn máa béèrè ohun tí ó ṣe é.

Ìfẹ́ tí àwọn ará Kwara ní sí irú ọ̀rọ̀ yìí tún gbóná sí i láti ọdún 2025, nígbà tí Kwara United gba Ife-ẹ̀yẹ Ààrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹ́nárítì borí Abakaliki FC ní Èkó, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ wọ ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti gba ife máa ń fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra, bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì ti ń pọ̀ ní àgọ́ ni orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ ń gbé sókè ń pọ̀ sí i.

Ìdí tí iṣẹ́ ẹ̀yìn fi ṣòro láti wọ̀n

Iṣẹ́ atamátàsé ní òǹkà. Ràṣídì Yẹ̀kínì, tí ìdílé rẹ̀ wá láti ìlú Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ńlá inú pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ náà ní Ìlọrin, gbá gólì 37 sínú àwọ̀n fún Nàìjíríà. Òun náà ni ó gbá gólì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà na Bulgaria ní 3-0 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò tíì dé ayé ní ọjọ́ náà mọ bí Yẹ̀kínì ṣe di àwọ̀n mú tí ó sì ń ké.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. Hristo Stoichkov, atamátàsé Bulgaria, gbá gólì 6 nínú ìdíje ọdún náà, kò sí ẹni tí ó gbá ju bẹ́ẹ̀ lọ, Oleg Salenko ti Rọ́ṣíà nìkan ni ó bá a dọ́gba. Nínú gbogbo gólì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, kò sí èyí tí ó wọ àwọ̀n Nàìjíríà, nítorí pé Uche Okechukwu àti Chidi Nwanu dúró ní àárín ẹ̀yìn, wọn kò sì jẹ́ kí ó ráyè. Ìwé àkọsílẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kọ orúkọ àwọn tí ó gbá gólì àti ìṣẹ́jú tí wọ́n gbá a, ṣùgbọ́n kò ní àyè kankan fún gólì tí ẹnìkan kò jẹ́ kó wọlé. Bí ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ọjà lóru ni ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn rí: òru tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀rí pé ó ṣiṣẹ́, òru bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kì í rántí. Nítorí náà, olólùfẹ́ tí ó bá fẹ́ mọ ọ̀dọ́ dìfẹ́ńdà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà láti wo ohun tí kì í pe àfiyèsí sí ara rẹ̀.

Ohun tí ojú yẹ kó máa wá

Ohun àkọ́kọ́ ni ìdúró ara nígbà tí atamátàsé bá ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀. Ọ̀dọ́ tí kò tíì gbọ́n máa ń kọjú sí i tààrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yóò wà lórí ìlà kan náà, gìgísẹ̀ rẹ̀ yóò sì tẹ ilẹ̀ gírígírí. Bí ó bá ti dúró báyìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ti ṣí sílẹ̀: bọ́ọ̀lù lè gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, ó lè gba òsì, ó sì lè gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, èyí tí ń mú kí gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò yí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, yóò tẹ orúnkún, yóò sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ dúró, kí ó lè máa fà sẹ́yìn bí atamátàsé bá ṣe ń bọ̀. Ìyíẹ̀gbẹ́ yẹn ti pa ọ̀nà méjì dé, ó sì fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tí ìlà funfun yóò ti bá a ṣe ìrànlọ́wọ́. Kò ní sún mọ́ atamátàsé débi tí onítọ̀hún yóò fi fi ìtàpá kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní jìnnà débi tí onítọ̀hún yóò fi ráyè gbá bọ́ọ̀lù sí ilé. Yóò dúró de ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lẹ́sẹ̀ atamátàsé díẹ̀, ìgbà náà ni yóò na ẹsẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò sí ibi tí òwe yìí ti jẹ́ òótọ́ ju ẹ̀yìn pápá lọ.

Ohun kejì ni orí tí ń yí. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ dìfẹ́ńdà, àwọn atamátàsé ti ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé, nítorí náà ẹni tí ó mọṣẹ́ máa ń bojú wo ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ léraléra, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà ní ọ̀nà jíjìn. Òǹwòran lè dán èyí wò fúnra rẹ̀ láìná owó kankan: kí ó mú ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó tẹ ojú mọ́ ọ̀dọ́ dìfẹ́ńdà náà nìkan, kí ó sì máa ka iye ìgbà tí orí rẹ̀ yí. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń wo bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó ti wù kó lágbára tó, yóò bá ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun kẹta ni ohùn. Ẹ̀yìn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní ọ́fúsáìdì, tí kò fàyè gba atamátàsé láti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sí i bí ó bá jẹ́ pé, nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó gbá a, ó ti wà níwájú bọ́ọ̀lù, tí kò sì ku ju alátakò kan lọ láàárín òun àti ìlà ilé, ẹni tí ó máa ń jẹ́ aṣọ́lé. Kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó lè lo òfin yìí, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kan bá sì lọ́ra, ó ti ba ti gbogbo wọn jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó lọ wo ìdánrawò dúró sí ibi tí yóò ti máa gbọ́ ohùn àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ́ tí ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ síwájú, tí ó ń sọ fún àgbà pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ìtìjú kò sì pa á lẹ́nu mọ́, ti ní ohun kan tí wọn kì í fi eré sísá kọ́ ènìyàn.

Ohun kẹrin ni ohun tí ó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe lẹ́yìn tí ó bá gbà á. Láyé àtijọ́, ìwọ̀n agbára tí dìfẹ́ńdà fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè réré ni àwọn ènìyàn fi ń yìn ín. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí a gbá sókè láìwo ibi tí ó ń lọ, bí ìgbà tí a dá a padà fún alátakò ni, ìṣòro náà yóò sì tún padà wá ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lóde òní, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé orí sókè, tí yóò sì fi ẹ̀sọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù àárín tí ó wà ní àyè.

Ohun karùn-ún, tí ó sì jinlẹ̀ jù lọ, ni ìwà rẹ̀ lẹ́yìn àṣìṣe. Àṣìṣe atamátàsé ń di ìgbàgbé bí ó bá gbá òmíràn wọlé, ṣùgbọ́n àṣìṣe dìfẹ́ńdà ń di gólì. Kò sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí kò ní ṣe é, nítorí náà ohun tí ó yẹ kí olólùfẹ́ wò ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e: ṣé ọ̀dọ́ náà ṣì ń béèrè bọ́ọ̀lù, àbí ó ti ń sá fún un? Ṣé ó ṣì ń pe ìlà, àbí ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀?

Ohun tí ń tan òǹwòran jẹ

Gíga àti igẹ̀ fífẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ń tan ènìyàn jẹ ní àgọ́. Wọ́n wúlò fún bọ́ọ̀lù òkè, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò ọgbọ́n ìdúró. Yíyọ́ nílẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù ni èkejì. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbà tí dìfẹ́ńdà fi ń yọ́ nílẹ̀, ó ti kọ́kọ́ dúró sí ibi tí kò yẹ ni, ẹni tí ó bá dúró sí ibi tí ó yẹ kì í sábà ní ìdí láti fi aṣọ rẹ̀ nu pápá. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n àwọn tí ó ń dojú kọ. Ọ̀dọ́ tí ó ń dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ní ìdánrawò, tí ó ti mọ ẹsẹ̀ tí olúkúlùkù wọn ń lò, lè má rí ọgbọ́n ta nígbà tí ó bá pàdé atamátàsé tí kò rí rí, nínú pápá tí èrò kún, níbi tí aṣọ́lé kò ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ìfẹ́ ìbílẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sí ohun tí ó dùn tó kí a máa gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìdùnnú bẹ́ẹ̀ kò sì burú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó di òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ ire fún ọmọ ìlú rẹ̀ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tíì ṣe é gbára lé.

Àgọ́ Faro àti ohun tí ó kọ́ni

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù nípa ọ̀rọ̀ yìí ni ti Super Eagles ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Stephen Keshi, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, tí ó sì jẹ́ balógun ikọ̀ tí ó gba Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia ní ọdún 1994, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ní Faro ní orílẹ̀-èdè Portugal láti gbaradì fún ìdíje tí yóò wáyé ní South Africa. Lára wọn ni Kenneth Omeruo wà, ọmọ ọdún 19 tí kò tíì wọ aṣọ ikọ̀ àgbà rí, tí Chelsea sì ti yá fún ADO Den Haag ní Netherlands. Godfrey Oboabona náà wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, nínú líìgì tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ń fojú kékeré wò. Joseph Yobo, balógun ikọ̀, tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà láti ọdún 2001, wà ní àgọ́ náà pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, Nàìjíríà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Cape Verde ní Faro, Omeruo sì kọ́kọ́ wọ aṣọ ikọ̀ àgbà ní ọjọ́ náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí sí 0-0, irú èsì tí ń mú kí òǹwòran ráhùn pé kò sí ohun tí òun rí, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń wá agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, òdo tí ó wà ní ọwọ́ Cape Verde ni ohun tí ó yẹ kó wò.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì dùn. Nàìjíríà gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Burkina Faso, tí ó dá gólì padà ní àfikún ìṣẹ́jú ìparí, wọ́n sì tún gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Zambia, tí ó fi pẹ́nárítì dá tirẹ̀ padà nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Bí ó bá jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì yìí nìkan ni wọn yóò fi dá àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn náà lẹ́jọ́, ìdájọ́ náà ì bá le. Keshi kò yà kúrò ní ọ̀nà tí ó yàn. Wọ́n na Ethiopia ní 2-0, wọ́n sì na Côte d'Ivoire, tí Didier Drogba ń darí ìkọlù rẹ̀, ní 2-1. Wọ́n na Mali ní 4-1, wọ́n sì borí Burkina Faso ní 1-0 ní àṣekágbá ní Johannesburg ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, nípasẹ̀ gólì Sunday Mba. Gólì 4 péré ni ó wọ àwọ̀n Nàìjíríà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6. Omeruo àti Oboabona ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn nígbà tí ìdíje le jù, ìparí àṣekágbá ni Yobo wọlé, tí ó sì gbé ife sókè gẹ́gẹ́ bí balógun.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó mú kí ẹ̀kọ́ yìí pé. Omeruo lọ sí ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Brazil ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n Chelsea, tí ó ni ín, kò lò ó nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje kankan títí ó fi kúrò lọ sí Leganés ní Spain. Agbábọ́ọ̀lù kan náà ni àgọ́ kan rí gẹ́gẹ́ bí òpó tí ó lè gbé ilé ró, tí àgọ́ kejì sì rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò máa yá fún ẹlòmíràn. Kò pọn dandan pé kí ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ méjèèjì ṣì í wò. Àgọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè ohun tirẹ̀, ìyẹn ni pé ìbéèrè náà kì í ṣe bóyá ọ̀dọ́ kan dára nìkan, ó tún kan ikọ̀ tí ó dára fún, ètò tí wọn yóò fi lò ó, àti ẹni tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn tí àsìkò dá láre

Ní ọdún 2005, nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Netherlands, Táyé Táíwò, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn apá òsì tí ó ti Lobi Stars ti Makurdi lọ sí Marseille, gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù kẹta tí ó dára jù, lẹ́yìn Lionel Messi àti Mikel Obi. Ipá tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Faransé láti kọ́ ìgbà tí ó yẹ kó sáré síwájú àti ìgbà tí ó yẹ kó dúró sílé.

Ti Calvin Bassey sún mọ́ òde òní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2022 ni ó kọ́kọ́ wọ aṣọ Super Eagles. Nígbà tí ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, akọ́nimọ̀ọ́gbá José Peseiro yí ètò padà lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ó to ènìyàn mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn, ìyẹn Bassey, William Troost-Ekong àti Semi Ajayi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra wọn tí gólì kankan kò wọ àwọ̀n Nàìjíríà. Nàìjíríà dé àṣekágbá, Côte d'Ivoire sì borí wọn ní 2-1, ṣùgbọ́n Troost-Ekong ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù nínú ìdíje náà, ọlá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kì í sábà rí gbà. Ètò tuntun kan ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ohun tí ó ti wà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀.

Ohun tí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fi kún un

Bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ọwọ́ gbé sáré yàtọ̀ sí ti aláfẹsẹ̀gbá, ṣùgbọ́n àgọ́ ìgbaradì wọn le gan-an, àwọn olólùfẹ́ ibẹ̀ sì máa ń péjọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá láti wo ìdánrawò. Nínú líìgì wọn tí ń jẹ́ NFL, nǹkan bí agbábọ́ọ̀lù 90 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ àgọ́ lóde òní, 53 péré ni yóò sì dúró nígbà tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú àgọ́ ni wọ́n ti máa ń pín àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ní yunifásítì láàárín àwọn ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa yan ẹni tí ó wù ú ní ìkọ̀ọ̀kan.

Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, tí wọ́n bí ní Brooklyn ní New York, tí ó sì wá láti ìdílé ọba ìlú Emùré ní ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ alátakò ìkọlù, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé olùdarí ìkọlù ẹgbẹ́ kejì ṣubú kí ó tó ju bọ́ọ̀lù. Ó farapa ní orúnkún ní yunifásítì Indiana, nígbà tí ìyàn sì dé ní ọdún 2000, kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ó yàn án. Miami Dolphins ni ó gbà á láìyàn. Ẹni tí ó bá wo àgọ́ ọdún náà kò lè rí ohun kan tí yóò sọ nípa rẹ̀, nítorí orúnkún ni ó ń wò sàn. Ní ọdún 2003, ó gbé olùdarí ìkọlù ṣubú ní ìgbà 15, iye tí ẹnikẹ́ni kò ní jù ú lọ nínú ìdajì líìgì tí wọ́n ń pè ní AFC, ó sì padà bá Chicago Bears dé àṣekágbá Super Bowl. Bí wọ́n bá ti parí ìdájọ́ rẹ̀ ní àgọ́ àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ì bá ti di ìgbàgbé.

Ojúṣe ẹni tí ń wò

Ohùn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ìyìn tí ó pọ̀ jù ń mú kí ọ̀dọ́ rò pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ, ó sì lè mú kí àwọn tí ń fi agbábọ́ọ̀lù ṣòwò sáré gbé e lọ sí òkè òkun kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ranlẹ̀. Èébú tí ó pọ̀ jù sì lè pa ohùn ẹni tí ó yẹ kó máa darí ìlà ẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀dọ́ tí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má bú òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún bọ́ọ̀lù, níwọ̀n ìgbà tí ó sì ń sá, òótọ́ ni èébú náà yóò dà.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí olólùfẹ́, yálà ó wà ní pápá ní Ìlọrin tàbí ó wà ní Àrán-Ọ̀rin níwájú tẹlifíṣọ̀n, pín ìdájọ́ rẹ̀ sí ìpele. Ní àgọ́, kí ó wo ìdúró, orí tí ń yí, ohùn àti ìwà lẹ́yìn àṣìṣe, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ mọ sí pé ọmọ náà ní ohun tí wọ́n lè fi kọ́ ọ. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́, kí ó wo bóyá àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣì wà nígbà tí èrò bá kún pápá tí alátakò sì jẹ́ àlejò. Lẹ́yìn ìdajì sáà, nígbà tí àárẹ̀ ti wọ ara, tí pápá ti gbẹ, tí àwọn alátakò sì ti wo eré rẹ̀ tí wọ́n mọ ibi tí ó kù sí, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára tó ní ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ ti ń fi sùúrù kan náà wo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn fi ń wo atamátàsé, ọ̀dọ́ tí ó bá sì ní irú àwọn olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn yóò ní àyè láti ṣe àṣìṣe tí yóò fi di àgbà.